Ohun Tí Ìtọ́jú Símónì Gbà

"Ẹ gbé ọmọ náà fún mi, Bàbá Fúnkẹ́."

Rúùtù rọra sọ ọ́, nítorí kò mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ tún lè ṣe bí òun bá pariwo. Símónì dúró lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn, ó gbá ọmọ ọdún mẹ́ta mọ́ àyà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fun fèrè lójú títì, ni ó bá ki ọmọ mọ́lẹ̀, ó sì gba ojú fèrèsé bẹ́ síta. Apá Fúnkẹ́ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ọmọ náà kò tilẹ̀ sunkún.

"Mo rò pé ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá sínú yàrá ni," ni Símónì wí. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì na ọmọ sí ìyá rẹ̀.

Kó tó di Kérésìmesì ni ọkọ̀ tó ń gbé Símónì àti tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bọ̀ láti Ìsẹ́yìn já bọ́ lórí afárá. Orí itan Símónì ni ẹnìkejì rẹ̀ kú sí. Òun fúnra rẹ̀ jáde láìfarapa, wọ́n sì bá a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà ni kò ti rí oorun sùn mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò máa gbọ̀n. Nílé-ìwé, níbi tí kíláàsì ti kún fọ́fọ́ láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ti ń wo ojú ara wọn bí ó bá dákẹ́ lójijì níwájú pátákó. Rúùtù ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Aṣọ ni ó ń rán ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́. Bí oníbàárà bá béèrè ọkọ rẹ̀, yóò ní ibà ni.

Adébáyọ̀, ẹ̀gbọ́n Símónì, ti oko dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó tú aṣọ tí wọ́n fi di apá ọmọ, ó wò ó, ó tún un dì.

"Ìyàwó, baba kan wà lọ́nà oko wa tí ń wo irú èyí. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Iṣu ni n ó máa kó fún un."

"Báwo ló ṣe ń wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi?"

Adébáyọ̀ wolẹ̀. "Ó ń kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, igi ńlá tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lè rìn, títí orí wọn yóò fi balẹ̀."

Rúùtù fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Èmi kọ́ ni mo bí i, ṣùgbọ́n èmi ni mo pọ̀n ọ́n," ni Adébáyọ̀ wí. "Ṣé o rò pé inú mi dùn sí i ni? Bí ó bá tún bẹ́ lọ́la ńkọ́, tó jẹ́ pé orí ni ọmọ fi gúnlẹ̀?"

Ohun tó ba Rúùtù lẹ́rù jù ni pé òun náà ti rò ó. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ó ti ń dọ́gbọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀ bí òun àti ọmọ bá fẹ́ sùn, tí yóò sì ní olè ni òun ń ṣọ́ra fún.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú Bàbá Fúnkẹ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́," ni ó bẹ̀bẹ̀. "Wọ́n ní dókítà kan wà ní ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi tí ń gbọ́ tẹnu irú wọn. Bí ọ̀nà kò bá sí níbẹ̀, n kò ní bá yín jiyàn mọ́."

"Kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ Ìsinmi," ni Adébáyọ̀ dáhùn.

Símónì kò lè wọ ọkọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Wọ́n fi Fúnkẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Rúùtù. Ọyẹ́ ti mú kí gbogbo ẹ̀bá títì gbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, eruku rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ rí, Símónì yóò sì ti wọ igbó lọ. Rúùtù yóò tẹ̀ lé e, yóò bá a níbi tí ó ti dì mọ́ igi, tí eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Wọ́n sùn sí abúlé kan lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé afárá Odò Ọbà lọ́jọ́ kejì, Símónì jókòó sílẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun máa padà sílé.

"Kí ni n ó sọ fún ẹ̀gbọ́n yín bí mo bá délé?" ni Rúùtù bi í. Ìgbà náà ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ àbà fún un.

Símónì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí. Ó dìde, ó dijú, ó di etí ìró ìyàwó rẹ̀ mú bí ọmọdé, wọ́n sì gba orí afárá kọjá.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, Símónì àti dókítà náà, tó jẹ́ òyìnbó, pẹ́ nínú yàrá. Rúùtù jókòó síta, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá òun yóò gbọ́ kí nǹkan fọ́. Ohùn ọkọ rẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, lédè òyìnbó. Nígbà tí Símónì jáde, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, ó sì ní ebi ń pa òun. Ó ti pẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

Abigail, nọ́ọ̀sì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí orí rẹ̀ ti ń funfun, pe Rúùtù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kì í ṣe wèrè, ọmọ mi. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ni kò tíì kúrò lára rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni dókítà fẹ́ kí ó lò nílùú yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni yóò máa wá jókòó ti dókítà, yóò máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Wọn yóò fún un ní oògùn tí yóò fi máa sùn. Ìwọ tàbí ẹbí mìíràn sì gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ náà la ó sanwó fún, mà?"

"Ọ̀rọ̀ sísọ náà ni ìtọ́jú. Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú oògùn. Ilé àti oúnjẹ kò sí níbẹ̀."

Rúùtù ṣírò owó náà. Bí òun bá tilẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ òun, kí ni wọn yóò máa jẹ? Ó ń rí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nínú àbà.

"Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ san án lẹ́ẹ̀kan náà," ni Abigail wí. "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Aṣọ ni mò ń rán, mà."

"Ó dára. Aṣọ ibùsùn wa kì í yé nílò rírán. Má ta ẹ̀rọ rẹ, gbé e wá. A ó máa yọ owó iṣẹ́ rẹ kúrò nínú gbèsè náà. Ní ti ilé tí ẹ ó sùn sí, tíṣà ni ọkọ rẹ. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n lè fún un láyè, kí wọ́n sì máa san ìdajì owó oṣù rẹ̀."

"Wọn yóò béèrè ohun tó ń ṣe ọkọ mi."

"Wọn yóò béèrè," ni Abigail wí.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ọ̀yọ́, Adébáyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Wọn kò ní dè é?"

"Ẹnikẹ́ni kò ní dè wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Iṣu tí n bá kó fún baba yẹn, n ó máa fi ránṣẹ́ sí yín."

Ó wá ku ọ̀dọ̀ Àlùfáà tó ń bójú tó ilé-ìwé. Rúùtù ti ro ọgbọ́n kan sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀yìn ló ń dùn yín," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọkàn ni, ta ni yóò tún jẹ́ kí ẹ dúró níwájú ọmọ òun?"

Símónì ń de okùn bàtà rẹ̀. "Ohun tí mò ń bẹ̀rù ti pọ̀ tó, Rúùtù. Bí mo bá purọ́, n ó tún máa bẹ̀rù irọ́ náà."

Rúùtù dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlùfáà. Ó gbọ́ tí Àlùfáà kí ọkọ rẹ̀, tí ó bi í bóyá ibà náà ti lọ. Rúùtù ti fẹ́ wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Kì í ṣe ibà, sà," ni Símónì wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó ń bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣe ọmọ mi léṣe."

Rúùtù gbọ́ tí Àlùfáà fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Mo lè bá ọ bẹ̀bẹ̀ fún ìdajì owó oṣù títí di Àjíǹde. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣèlérí pé kíláàsì rẹ yóò dúró dè ọ́. Ìwọ náà mọ bí ọmọ aráyé ṣe rí."

"Mo mọ̀, sà."

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, wọ́n pàdé Marufat, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní kíláàsì Símónì. Òun àti ọmọ náà jọ ń bọ̀ láti ọjà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, tíṣà. Ṣé ara ti ń le?"

Rúùtù ti yanu láti fèsì, ṣùgbọ́n ó pa á dé.

"Kò tíì le, mà," ni Símónì wí. "Láti ìgbà tí ọkọ̀ wa ti já bọ́ lórí afárá ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń lọ, kí wọ́n lè bá mi tọ́jú rẹ̀."

Marufat ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn. Bí ó ti ń sọ ọ́, ó na ọwọ́, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀. Rúùtù rí i. Símónì náà rí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó kí ọmọ náà pé ó dàbọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kọjá lọ sílé láti lọ di ẹrù wọn.