Ọjọ́ Tí Ó Yẹ Kí Wọ́n Rí Afẹ́fẹ́

Páìpù tínrín náà ti wọ inú àwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin tó dì í mú kọ̀, kò fà. Ó yẹ kó fa omi oúnjẹ tó bo àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú èèyàn inú àwo náà mọ́lẹ̀ kúrò, kí ojú wọn lè kan afẹ́fẹ́. Àná ló yẹ kó ti ṣe é, kódà ìjẹta. Kàkà kó fà á, ńṣe ló tún bu omi mìíràn lé e.

"Ẹ mu díẹ̀ sí i," ló sọ fún wọn.

Bó ṣe máa ń bá sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun ni gbogbo ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣe ń pè é ní Ìyá Sẹ́ẹ̀lì.

Ká má parọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Sẹ́ẹ̀lì àbúrò rẹ̀ ló wà nínú àwo yẹn. Bátìrì mọ́tò ló bú gbàmù mọ́ ọmọkùnrin náà lójú níbi tó ti ń tún un ṣe, ásíìdì sì jó ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló kù tó ń dá mọ̀. Etí ẹyinjú òsì nìkan ni ara tí kò jóná ti ṣẹ́ kù díẹ̀, ibẹ̀ sì ni dókítà ojú ti gé èyí tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ kankan láàyò ló wà nínú rẹ̀, tí kò mọ̀ ju kó máa bí sí i lọ.

Inú omi oúnjẹ ni wọ́n ti ń bí sí i. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń bò wọ́n títí, tí wọ́n ń mu àmuyó, wọn ò ní di nǹkan kan láyé. Àfi kí èèyàn fa omi orí wọn kúrò, kí wọ́n máa rí oúnjẹ láti ìsàlẹ̀ nìkan, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn lójú. Ìgbà náà ni wọ́n á gbára jọ, tí wọ́n á di awọ dídán tó ń bo ẹyinjú, èyí tí dókítà lè lẹ̀ padà mọ́ ojú àbúrò rẹ̀. Àwọn mìíràn sì máa ń gbẹ kú níbẹ̀. Bí ti àbúrò rẹ̀ bá wá kú ńkọ́? Kò síbi tí wọ́n tún fẹ́ gé mọ́.

Ọ̀gá rẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, wá dúró tì í. Ó wo inú maikirosíkóòpù, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló ń bu omi lé wọn?"

"Èmi ni, mà."

"Wọ́n ti ń tú létí. Àwọn tó dì mọ́ra wọn dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń já sílẹ̀. Wò ó."

Ó wò ó. Yéè! Òótọ́ ni.

"Mo ní kí wọ́n lágbára díẹ̀ sí i ni, mà."

"Ìyá Sẹ́ẹ̀lì, ṣé àánú lo fẹ́ fi pa wọ́n ni?" Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ó kàn fa àga, ó jókòó. "Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, o ò bá ti fà á tipẹ́. Ṣé kí n bá ọ fà á?"

"Rárá, mà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi."

Ó tún ki páìpù bọ inú àwo, ó sì fà á. Omi pupa náà gòkè nínú páìpù, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sì yọjú síta, wọ́n fẹ́lẹ́ bí awọ inú èèpo ẹyin. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bá wọn sọ ohunkóhun. Ó gbé wọn padà sínú àpótí tó ń mú wọn móoru, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì jáde.

Àbúrò rẹ̀ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ ilé ìwádìí náà, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí i lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ yín mà wúwo lónìí o."

"Ẹnu rẹ yìí ò mọ ìsinmi." Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú.

"Àwọn èèyàn mi lókè ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́. "Ṣé màá ríran?"

Ojoojúmọ́ ló ń béèrè. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń dá a lóhùn kíá, kó tó sọ ọ́ tán: wàá ríran, fọkàn balẹ̀. Ìdáhùn náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mo fa omi orí wọn kúrò lónìí. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti ṣe é, ẹ̀rù ni ò jẹ́. Díẹ̀ ti bàjẹ́ nínú wọn, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Èyí tó kù lè yè, ó sì lè gbẹ. Mi ò mọ̀, àbúrò mi."

Ó ń retí kó bínú. Ó ń retí kó bú sẹ́kún. Ọmọkùnrin náà kàn fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ ṣé," ló wí. "Láti ọjọ́ tí bátìrì yẹn ti bú, gbogbo yín lẹ̀ ń sọ pé màá ríran. Mo wá ń rò ó pé èmi nìkan lẹ̀rù ń bà."

"Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni."

"Mo gbọ́."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá lọ níwájú wọn. Ó ṣe díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n náà tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ló di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú mọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ló wà nínú ti àbúrò rẹ̀, ọwọ́ ọmọkùnrin náà sì ti di ti àgbà ọkùnrin.