Èsì Tí Kì Í Mira

Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìṣirò lọ́wọ́ wa, tí wọ́n gbé e fún kọ̀ǹpútà, kò sí ọ̀wọ́ oògùn kan tó tún já kulẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò wa. Àwọn yòókù ń yọ̀. Èmi kò yọ̀. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, oògùn tí à ń yẹ̀ wò sì nìyí, oògùn ọkàn ni. Ìyàwó mi lo irú rẹ̀ láràárọ̀ títí ó fi kú. Oògùn kọ́ ló pa á, n kò sì sọ pé òun ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti sin ín, n kò lè wo hóró funfun kan nínú àwo kí n rí i bíi nọ́ńbà lásán mọ́.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. A ó lọ hóró oògùn, a ó yọ́ ọ, a ó bù ú sínú ìgò kékeré. Ẹ̀rọ á fà á gba inú ọ̀pá irin kan kọjá, á ya àwọn èròjà inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì ya òkè sójú kọ̀ǹpútà. Bí òkè bá ṣe tóbi tó ni oògùn ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n òkè nìkan kò tó. A ní ìyẹ̀fun òdiwọ̀n, ìyẹn ògidì oògùn tí a ti mọ bó ṣe dá ṣáká tó. A ó gbé òun náà gba ọ̀nà yẹn, a ó sì fi òkè tirẹ̀ wọn ti àwọn yòókù. Ìyẹ̀fun yìí máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, àgàgà lásìkò òjò, a sì gbọ́dọ̀ yọ omi yẹn kúrò nínú ìṣirò. Bí a kò bá yọ ọ́, a ó máa ka omi mọ́ oògùn, hóró tí kò lágbára á sì dà bí èyí tó lágbára.

Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá ti ń rọ̀ báyìí, èsì wa máa ń lọ sókè sódò, a ó máa rojọ́, a ó tún un wọ̀n. Ní báyìí èsì dúró gbọn-in bí ọmọ tó jí ẹran inú ìkòkò jẹ.

Ìyàwó ọmọ mi ni wọ́n gbà láti dá àwọn àpótí tuntun tí à ń kọ nọ́ńbà sí sínú ètò orí kọ̀ǹpútà náà, àpótí ìwọ̀n, àpótí omi, àpótí èyí, àpótí tọ̀hún, kí ètò náà lè máa ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Ibi tó jìnnà ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń gbé ilé. Ó ṣì wà lábẹ́ ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́n tó gbà á pátápátá, ẹnìkan tí kì í ṣe òun gbọ́dọ̀ fọwọ́ ṣe ìṣirò náà, kó rí i pé ti kọ̀ǹpútà péye, kó sì fọwọ́ sí i. Nínú àwọn tó mọ ìṣirò ọwọ́, èmi nìkan ló kù. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kíákíá lẹ́yìn rẹ̀, kò rí ohun tó burú nínú kí bàbá ọkọ máa yẹ iṣẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ wò. Ìyẹn gan-an fu mí lára.

Obìnrin kan wà tó ń wọn oògùn pẹ̀lú mi, Rédíò là ń pè é, nítorí pé kì í sinmi.

“Bàbá, ẹ ti fọwọ́ sí i?”

“Rárá.”

“Ẹ̀yin náà! Abọ́ tí ẹ fi ń jẹun nílé, ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ gbá a ni?”

“Ta ló sọ fún ọ pé mò ń jẹun?”

“Ọrùn ẹ̀wù yín ni. Ó ti ń fún yín.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ìgò kalẹ̀. N kò rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ti dé ni ìyàwó ọmọ mi ti ń se ẹja fún mi lójoojúmọ́. Ó ń lọ aṣọ mi, ó ń lọ ìbọ̀sẹ̀ mi pàápàá. Ìyàwó mi bá mi gbé títí irun wa fi funfun, kò lọ ìbọ̀sẹ̀ mi rí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bí mo bá wọ yàrá kọ̀ǹpútà, á tètè pa ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, á bi mí bóyá mo fẹ́ mu omi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo wọlé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tíì sọ fún Bàbá.”

Nígbà tó rí mi, ó sọ fóònù sápò bí ẹni tó ń sọ iná.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá.”

“Ta nìyẹn?”

“Ẹnu iṣẹ́ ni, sà. Wọ́n ní kí n tètè dé lọ́la.”

N kò bi í mọ́. Ẹja tó bù fún mi lọ́jọ́ náà, mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo ń wo inú abọ́ bí ẹni tó ń wá egungun.

Lọ́jọ́ kejì Kíákíá ránṣẹ́ pè mí.

“Bàbá, ìfọwọ́sí yẹn dà?”

“Mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, sà.”

“Kí lẹ̀ ń yẹ̀ wò? Gbogbo èsì ló ń wọlé.”

“Ó ti dára jù, sà.”

“Ó dára jù! Ṣé kó burú ni kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. “Ẹ gbọ́, Bàbá. Bí kò bá sí ìfọwọ́sí títí ìparí ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ ìyàwó ọmọ yín parí nìyẹn. Wọ́n á wá ẹlòmíì. Ẹ̀yin lẹ mọ̀.”

Mo kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń dààmú kí wọ́n má lé òṣìṣẹ́, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ibì kan wà nínú ètò náà tí a fi ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí èèyàn bá ṣe níbẹ̀ kò kan oògùn gidi. Mo da èsì ọjọ́ kan síbẹ̀, mo wá àpótí omi lórí ìlà ìyẹ̀fun òdiwọ̀n, nítorí ohun kọ̀ọ̀kan tí a bá wọ̀n ló ní ìlà tirẹ̀ nínú ètò náà. Omi díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo kọ àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé ìdajì ìyẹ̀fun náà jẹ́ omi. Bí ìṣirò bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo èsì gbọ́dọ̀ wó lulẹ̀ dé ìdajì. Mo ní kí ètò náà tún un ṣe.

Èsì kò mira.

Mo kọ àádọ́rùn-ún. Kò mira.

Mo fẹ̀yìn ti àga. Àpótí tí wọ́n kọ omi sí lára, tí kò sí ohun kankan tó so mọ́ ọn, bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n kàn yà sára ògiri. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ó tán, ìyàwó ọmọ mi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, òun àti Kíákíá. Mo ní kí wọ́n pè é wá.

“Jókòó.”

“Bàbá, kí ló dé?”

“Kọ àádọ́rùn-ún sínú àpótí omi.”

“Àádọ́rùn-ún kẹ̀? Ìyẹn kì í ṣe ìyẹ̀fun mọ́, odò ni.”

“Kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́. Ó wo èsì. Mo ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bí ológbò. Mo rò pé á jiyàn, tàbí kó wá irọ́ pa. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo mọ̀ pé ó ń jò níbì kan.”

“O mọ̀?”

“Mo fura ni, sà. Èsì yẹn ti mọ́ jù. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń wá a, n kò rí i. Ojú sì ń tì mí láti sọ fún yín.”

“Ta lo ní kó má tíì sọ fún mi?”

“Ọ̀gá ni. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ìfọwọ́sí dúró kí n lè rí ibi tó ti bàjẹ́. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i ná, pé tó bá yá a ó tún un ṣe.”

“Ẹja ńkọ́?”

“Ẹja wo, Bàbá?”

“Ẹja tí o ń sè lójoojúmọ́.”

Ó wò mí títí. “Nígbà tí Màmá lọ, ẹ rù débi pé ṣòkòtò ń já bọ́ lára yín. Kí ni kí n máa sè fún yín, òkúta?”

Mo ní kó ṣí ìṣirò náà.

Ó ṣí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún mi, díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ ibi tí ètò náà ti ń mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Òkè, láti ibí. Ìwọ̀n hóró, láti ibí. “Omi, láti inú àpótí omi, lórí ìlà...” Ó tún un kà. Ó lu tábìlì.

“Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí omi tirẹ̀, Bàbá. Orí ìlà ìyẹ̀fun là ń kọ omi sí. Ṣùgbọ́n n kò dárúkọ ìlà ìyẹ̀fun nínú ìṣirò. Tó bá dé orí ìlà oògùn, àpótí ti ìlà oògùn yẹn ló ń yẹ̀ wò.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Òdo. Èmi ni mo fi síbẹ̀.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Nígbà tí àpótí bá ṣófo, ètò náà kì í mú èsì jáde rárá, gbogbo yín á sì máa pariwo lé mi lórí. Mo fi òdo dí ẹnu yín.”

Ó kọ orúkọ ìlà ìyẹ̀fun sí ibi tó yẹ. Àádọ́rùn-ún ṣì wà níbẹ̀. Èsì wó lulẹ̀ bí ògiri alámọ̀. Lẹ́yìn náà ló dá omi tòótọ́ padà, ó sì gbé àwọn ọ̀wọ́ àsìkò òjò yìí kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ṣì yege. Méjì já bọ́ sábẹ́ ààlà. Ọ̀kan wà nílé ìkẹ́rù. Èkejì ti jáde sọ́jà.

Mo rántí àwọn tó ń da hóró náà sí àtẹ́lẹwọ́ lówùúrọ̀, tí wọ́n ń fi omi gbé e mì, tí wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Tá a bá sọ fún wọn, wọn ò ní gbà mí síṣẹ́,” ó ní.

“Ó ṣeé ṣe.”

“Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á gbà mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

N kò ì tíì gbà á gbọ́ tán, ká má purọ́. Mo fẹ́ rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbà. Ó dìde, ó fa aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ gún, ó sì ṣáájú mi lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

“Sà, mo ṣi ìṣirò náà ṣe,” ó ní, kó tó jókòó. “Ọ̀wọ́ oògùn kan tí kò lágbára tó ti jáde.”

Kíákíá gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Èmi ló kọjú sí.

“Ẹ̀yin lẹ lọ tú u síta. Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i ná!”

Mo gbé ìwé ìfọwọ́sí síwájú rẹ̀, mo fi gègé lé e lórí.

“Ẹ bá mi fọwọ́ tiyín sí i, sà.”

Ó wo gègé náà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé fóònù, ó ní kí wọ́n dá ti ilé ìkẹ́rù dúró, kí wọ́n sì lọ kó èyí tó ti jáde padà.

Wọn kò gbà á síṣẹ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọn kò sì lé e. Wọ́n sún ìdánwò rẹ̀ síwájú, wọ́n ní kó tún gbogbo ìṣirò kọ, kí ẹnìkan sì tún un yẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Èmi náà ni ẹnìkan ọ̀hún.

“Bàbá,” Rédíò ní, “lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tún fẹ́ máa yẹ ọmọ yín wò bí ọlọ́pàá?”

“N ó yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìyàwó ọmọ mi fa àga tirẹ̀ sún mọ́ tèmi. “Ẹ dákun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Bàbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ má fojú fo ọ̀kankan.”

Mo bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí ibì kan tó ti gé ìdá kékeré ẹ̀yìn nọ́ńbà kúrò kí ìṣirò tó parí. Ó kéré, ṣùgbọ́n kò yẹ kó wà níbẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ó tẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó pòṣé.

“Ẹ ṣáà máa fura sí mi lọ,” ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ.