Fọ́tò Dekun ní Dáàmù

"Ẹ yà síbí! Ẹ má wo ìyẹn, ẹ̀rọ lásán ni. Èmi rèé!"

Dekun na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá ògiri mọ́ra. Gbogbo àlejò tó wà nínú gbọ̀ngán àfihàn dáàmù, odi ńlá tí ìjọba fi sé odò, yíjú wò ó, torí ohùn Dekun kì í ṣe ohùn abẹ́ òrùlé. Fọ́tò tó ń nàka sí ga tó ilẹ̀kùn. Dekun ti ọdún méjìlá sẹ́yìn ló dúró nínú rẹ̀, ó wọ bàtà òjò, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Nínú fọ́tò náà, wọ́n ta aṣọ pupa gbọọrọ kan tí wọ́n kọ̀wé sí sókè orí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sanra ju ti fọ́tò lọ," ni Yanli wí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Ipò ló sanra, èmi kọ́."

"Kí ipò náà yáa máa sáré díẹ̀ láàárọ̀," ni Xiumei ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ìyá Dekun rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Àná, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń lọ tọ́jú òkú wọn, òun fúnra rẹ̀ ti gun òkè lọ bá ọkọ rẹ̀, ó gbé ìrẹsì aláwọ̀ márùn-ún síwájú ìkòkò tí eegun rẹ̀ wà, ó sì ròyìn fún un. "Ọmọ rẹ ń mú mi lọ wo fọ́tò ara rẹ̀ lọ́la. Ìwọ tí o máa ń pè é ní ọ̀lẹ, ojú tì ọ́!" Ó ti ra ìkòkò tirẹ̀ náà, ó ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ rẹ̀. Òfìfo ni, ó ń dúró de ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a débẹ̀, á ní, "Ilé mi rèé. Èmi àti bàbá Dekun, ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà."

Ní ilẹ̀ wọn, òkú kì í sùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá pé ọdún mélòó kan, àkọ́bí ọkùnrin á hú u jáde, á fi ọtí fọ eegun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sínú ìkòkò láti ẹsẹ̀ lọ sókè, á wá gbé orí lé gbogbo rẹ̀, kí bàbá lè jókòó dáadáa bí ẹni tó ń retí oúnjẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sì sí obìnrin tó ń yọjú wo inú ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n ní omi dáàmù ń bọ̀ wá bo Naban abúlé wọn, tí wọ́n sì ní kí wọ́n kó gbogbo ibojì kúrò, Dekun ni olórí abúlé. Àwọn àkọ́bí ilé yòókù wà ní Guangdong lọ́nà jíjìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìrán-bàtà. Dekun ní kí wọ́n má wulẹ̀ fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. "Èmi ni àkọ́bí gbogbo ilé. Bàbá yín, bàbá mi ni." Àwọn ìyá wọn sunkún, wọ́n súre fún un.

"Yanli, ka ìwé tó wà lókè orí bàbá rẹ fún mi," ni Ìyá Dekun wí. Kò mọ̀wéé kà.

"'Naban, abúlé àkọ́kọ́ tó kó gbogbo ibojì rẹ̀ tán. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹsàn-án.'"

"Tún un kà! Kí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́!"

Yanli tún un kà. Àwọn àlejò kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Dekun sún mọ́ ògiri kí ó lè fi ọwọ́ pa ojú ọmọ rẹ̀ lára gíláàsì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Kì í ṣe ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò mọ́. Lẹ́yìn èjìká Dekun, igi òsàn ńlá kan wà. Lábẹ́ igi náà, òkìtì ibojì kan yọ rìbìtì, koríko bò ó, kò síbi tí ọkọ́ kàn lára rẹ̀. Ìwé funfun tí wọ́n máa ń fi sórí ibojì lọ́dọọdún ṣì wà lórí rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi ti dé ìdí igi.

"Dekun, ọjọ́ wo lo gbé bàbá rẹ wá fún mi?"

"Màámi, ó ti pẹ́ jù…"

"Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ni. Òjò ń rọ̀. O fi agboòrùn bo ìkòkò, òjò ń pa ìwọ alára. Agboòrùn yẹn ló pa mí lẹ́kún." Ó yíjú sí ọmọdé náà. "Ọjọ́ wo lo kà?"

"Ọjọ́ kejìlélógún, Màmá àgbà."

"Ó dáa. Ta ló wá wà nínú òkìtì yìí?"

Dekun rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń lò ní ọ́fíìsì. "Ibòmíràn nìyẹn."

"Èmi ni mo gbin igi yẹn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ni mo ti gbé òkúta yẹn."

Xiumei di ọwọ́ Yanli mú, ó ní kí àwọn lọ wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó jẹ́ lásán lẹ́ẹ̀kan!

Orí dáàmù níta, níbi tí atẹ́gùn ti ń já fìlà gbà lórí ènìyàn, ni Dekun ti là á yé e. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi, Màámi. Ibojì mọ́kànlélọ́gọ́ta! Olórí abúlé tó bá kọ́kọ́ parí, iṣẹ́ ìjọba nílùú ńlá ń bẹ fún un. Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ìkòkò ni wọ́n kà, wọn ò ṣí i. Mo fún wọn lọ́tí, wọ́n mu ún, wọ́n buwọ́ lùwé."

"Kí ló wà nínú ìkòkò?"

"Àpáàdì. Àfọ́kù amọ̀ òrùlé." Ó yára fi kún un, bí ẹni tó rí ohun rere kan sọ, "Ti bàbá, òrùlé ilé tiwa gan-an ni o! Mi ò fi ti ẹlòmíràn sí i."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá Dekun kí ó tó mọ̀. "Ọdún méjìlá! Ọdún méjìlá ni mo fi ń ro ẹjọ́ ilé fún òrùlé!" Ẹ̀rín náà kò jọ ẹ̀rín mọ́ nígbà tó máa fi tán.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Òkú tó wà lábẹ́ omi ò mọ̀."

"Òkú ò mọ̀. Èmi ńkọ́?"

Dekun mú wọn lọ sí ilé oúnjẹ tó dára jù létí omi, ó ní kí wọ́n gbé ẹja tó gùn tó apá wá. Agbóúnjẹ gbé e kalẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Ẹ jẹun dáadáa, Màmá. Inú omi yìí gan-an la ti mú un. Ẹja wa sanra!"

Ìyá Dekun wo ẹja náà. Ó dìde, ó lọ jókòó sínú mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n délé, kò bá wọn gòkè lọ sí àjà kéje tí ìjọba fi ta Dekun lọ́rẹ. Ilé Ìyá Haoming ló yà sí, opó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé kan náà, níbi tí omi ti máa ń jò wọlé. Ó sọ ohun tó rí. Ìyá Haoming kò gbà á gbọ́. "Dekun? Dekun tó gbé ọkọ mi lé èjìká? Má purọ́ mọ́ ọmọ rẹ."

"Ó dáa. Wá ká lọ ṣí i."

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé, wọn kò rí obìnrin tó ṣe é rí.

Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀, Dekun fẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò ṣí tán, nǹkan kan dí i lẹ́yìn. Ó fi èjìká tì í, ó yọrí síta. Ìkòkò ni. Ìkòkò wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkòkò wà lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ipele kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò lọ títí dé ìsàlẹ̀, ìdérí gbogbo wọn ti ṣí, àpáàdì ló kún inú wọn. Àwọn arúgbó obìnrin Naban jókòó tì wọ́n, amọ̀ òkè ṣì wà ní ẹsẹ̀ wọn.

Ìyá rẹ̀ ló súnmọ́ ilẹ̀kùn jù.

"Màámi," ni Dekun wí. Ohùn rẹ̀ kò dé àjà kẹfà. "Ẹ jọ̀ọ́. Níbo ni ẹ fẹ́ kí n kó wọn lọ?"

"Àwa lò ń bi léèrè?" ni Ìyá Dekun wí. "Ìwọ lo mọ ibi tí o fi àwọn tó ni wọ́n sí."