Ràfíólì fún Onílé

"Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, inú rẹ̀ ṣì gbóná."

Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ó ti ju ọ̀kan sẹ́nu. Ó fi ahọ́n tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tì í sí tòsì, omi lé sójú rẹ̀, síbẹ̀ kò tu ú. Ẹ̀rín pa mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn nínú ilé ìdáná yẹn.

"Ìyàwó wa, ọwọ́ ẹ dùn o," ó wí nígbà tó gbé e mì tán. "Olóyè á gbádùn ẹ̀. Ìyàwó wọn gan-an ló fẹ́ràn irú nǹkan báyìí."

Adékọ́lá Ọ̀ṣúndé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bí mo bá ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n", ẹ má bínú sí mi. Ẹnu mi ni kò gbà á mọ́. Láti ìgbà tí Akínkúnlé ọkọ mi ti kú ló ti ń ti Ìbàdàn wá sí Onitsha lórí ọ̀rọ̀ ilé wa ní Trans-Nkisi. Akínkúnlé ló kọ́ ilé náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ akáǹtì níbí, èmi ni mo ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà. Orúkọ òun nìkan ló wà lórí ìwé ilé. Bọ̀dá Kọ́lá ní kí n kó ìwé náà fún òun, òun á bá wa yí i sí orúkọ èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì, mo sì kó o fún un. Ẹ bá mi wá ìyàwó ilé Yorùbá tí yóò wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kó ní kó fọwọ́ síwèé pé ó gba ìwé ilé lọ́wọ́ òun. Wọ́n á ní ó ti pa ọkọ tán, ó tún fẹ́ tú ẹbí ká.

Olóyè Obiekwe tó ń bọ̀ lọ́sàn-án yẹn ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní ọjà Ogidi. Bọ̀dá Kọ́lá ní ó mọ gbogbo ẹni tó yẹ ká mọ̀. Bí Olóyè bá ti jókòó nínú ilé náà, tó jẹun, tó rí i pé èèyàn gidi ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé á yanjú kí oṣù tó parí. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Opó tí ilé bá kù sí lọ́wọ́, ìdajì ẹkún rẹ̀ ti gbẹ.

Ràfíólì ni mo ṣe. Akínkúnlé ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Asaba, ní òdìkejì afárá, kò sì jẹ́ ká sinmi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wò ó lórí fóònù títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ mi ń pè é ní ìrọ̀rí ẹran, nítorí bó ṣe máa ń wú láàárín. Fúláwà àti ẹyin ni mo fi ń po ó. N ó po ó títí apá á fi ro mí, n ó fi aṣọ bò ó kó sinmi, n ó wá fi ìgò yí i títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé mo lè rí òjìji ọwọ́ mi lábẹ́ rẹ̀. Ẹran lílọ̀ ló ń wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú wàrà gbígbẹ díẹ̀, èfìnrín àti ata láti ọjà Ose Okwodu. Bí mo bá ti pa ẹnu rẹ̀ dé, n ó fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀ yíká, nítorí ibi tí ẹnu ò bá ti pa pọ̀ ni epo ń gbà wọlé, gbogbo rẹ̀ á sì tú sínú agbada. Ẹ̀yìn ìyẹn ni n ó rì í sínú ẹyin, tí n ó yí i nínú búrẹ́dì gbígbẹ tí mo ti rún kúnná, kó tó wọ inú epo. Bó bá jáde, á pọ́n, á máa dún wómúwómú lẹ́nu. Fi ọbẹ̀ tòmátò díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àlejò á gbàgbé pé oúnjẹ gan-an ò tíì dé.

Mo ti ra obì náà sílẹ̀. Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ránṣọ níbí kí n tó gbọ́njú, Igbo ni mo fi bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré. Mo mọ̀ pé bó o pa màlúù fún àlejò nílùú yìí, bí obì ò bá ṣáájú, o ò tíì kí i káàbọ̀. Ẹni tó ni ilé ló sì ń gbé obì kalẹ̀, kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù, kì í ṣe ẹni tó lówó jù. Àmọ́ obìnrin kì í gbé obì síwájú àwọn ọkùnrin. Ọkùnrin ilé ló máa bá a gbé e. Mo bá pe Bọ̀dá Kọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Tí wọ́n bá ti jókòó, ẹ gbé àwo obì yìí fún Olóyè. Ẹ sọ pé àwọn ọmọ àbúrò yín ló ni ilé, àwọn lẹ bá gbé obì kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn yẹn. Ohun tó bá jáde lẹ́nu yín níbẹ̀ ni wọ́n máa mú lọ."

"Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, sà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó gbé obì lonílé."

Ó ń wo àwo náà. "Ẹni tó gbé obì lonílé," ó tún un sọ jẹ́jẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń há nǹkan sórí. Mo tiẹ̀ yìn ín. Mo ní ó wù mí bí ẹ ṣe ń fara balẹ̀ kọ́ àṣà ìlú onílùú.

Olóyè dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó sanra, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò tètè jókòó, ó ń wo òkè àjà. Mo kí wọn ní "Nnọọ", wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, mo sì padà sídìí agbada, nítorí ràfíólì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti to ó sínú àwo, mo ti dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, nígbà tí mo gbọ́ Bọ̀dá Kọ́lá tó ń sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwo obì lọ́wọ́.

"Olóyè, èmi tí mo ni ilé yìí ni mo gbé obì fún yín. Ẹ káàbọ̀ sílé mi."

Mo kọ́kọ́ gbèjà rẹ̀ lọ́kàn mi. Mo ní ahọ́n ló yọ̀, ó gbàgbé èyí tí mo kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ lèèyàn máa ń sọ ara rẹ̀ di òmùgọ̀ kó tó gbà pé wọ́n ti da òun.

Olóyè gbé obì sókè. Àwọn Igbo máa ń ní obì kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà Igbo ló fi gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹni tó ta ilé, kó ṣọ́ àwọn tó rà á. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún òun, kí ilẹ̀ ilé náà bá òun mú un. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe "Isee", bí àwa ṣe ń ṣe àṣẹ. Bọ̀dá Kọ́lá kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù nídìí "Isee" náà.

Ta, rà. Mo gbé àwo kalẹ̀ níwájú wọn, mo sì padà sílé ìdáná.

Ìyàwó Olóyè ló tẹ̀ lé mi. Ó ń jẹ ràfíólì kan lọ́wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbe èérún rẹ̀ kó má bàa já sílẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó pa á dé, ó fọwọ́ kan fèrèsé, ó wá fi Igbo bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Nne, ọ̀gá ẹ sọ fún wa pé ìwọ lò ń bá òun tọ́jú ilé, tó o sì ń dáná. Fọkàn balẹ̀. Tí a bá kó dé, mi ò ní lé ẹ. Yàrá ẹ̀yìnkùlé yẹn á gba ìwọ àti àwọn ọmọ ẹ. Mi ò tíì jẹ irú nǹkan yìí rí."

Inú rere ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló dùn mí dé egungun. Èmi tí mo pọn omi kọ́ ilé ni wọ́n ń fi yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ta lọ́rẹ.

"Ọkọ mi ló kọ́ ilé yìí," mo dá a lóhùn. "Opó rẹ̀ ni mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹni tó wà ní pálọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ mi ló ni ilé."

Ó dẹ́kun jíjẹ. Ó gbé èyí tó kù sórí tábìlì, ó fà mí lọ́wọ́ padà sí pálọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Bọ̀dá Kọ́lá ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

"Wúràọlá, kí lo sọ fún wọn? Má dójú tì mí níwájú àlejò."

Ìyàwó wa ti di Wúràọlá. "Òótọ́ ni mo sọ," mo wí. "Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Ẹ ní ilé àwọn ọmọ Akínkúnlé ni."

"Ọmọ obìnrin méjì? Onitsha ni ilé wà. Àṣà ibi tí ilé wà la máa tẹ̀ lé. Bi wọ́n bóyá obìnrin ń jogún ilé níbí."

"Bùnmi àbúrò yín ńkọ́? Ṣebí inú ilé bàbá yín n'Ìbàdàn ló wà dòní, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé? Ìgbà wo lẹ di ará Onitsha, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé obì kalẹ̀ kí n tó kọ́ yín?"

Mo bi í ní ohun kan péré sí i: kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ló ní kí n dáná fún wọn.

"Wọ́n fẹ́ rí i bóyá ilé ìdáná ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ó wí.

Olóyè ń yí obì tó kù lọ́wọ́. "Ọmọ mi," ó wí ní Igbo, "mo ti sanwó. Ìwé wà lọ́wọ́ mi. Ó gbé obì fún mi bí onílé, mo sì ti gbàdúrà lé e. Ọ̀rọ̀ ẹbí lèyí tó kù, ẹ lọ yanjú ara yín." Ó mú ràfíólì kan, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wolẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ó káàánú mi, ó ní ẹjọ́ ilé máa ń gùn, ó sì bi mí bóyá mo ní ẹni tó lè dúró tì mí nínú ẹbí ọkọ mi. Nígbà tí a kó jáde nílé, Súlìyát ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun nítòsí Ose Okwodu ló fún èmi àti àwọn ọmọ ní yàrá kan nínú méjì tó ní. Inú kọ́rídọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń dín ràfíólì fún àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Bọ̀dá Kọ́lá fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé òun ò lè gbàgbé wa. A ṣì ń retí ìrántí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìyàwó Olóyè pè mí. Wọ́n fẹ́ ṣí ilé. Ó ní òun mọ̀ pé kò yẹ kóun bẹ̀ mí, àmọ́ kò sí ẹlòmíì tó mọ ràfíólì ṣe bí èmi. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn náà ni mo ro ti owó ilé ìwé Dámilọ́lá, ọmọ mi àgbà, mo sì pe ìyàwó Olóyè padà.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì kò mọ̀ wá, ó ní ká gba ẹ̀yìn. Dámilọ́lá tó bá mi gbé ẹyin ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà iwájú, níbi tó ti ń bọ́ ọ sí láti kékeré. Mo ní kó lọ gbé e. Nínú ilé ìdáná, mi ò béèrè ibi tí nǹkan kan wà. Mo tan ojú gáàsì apá òsì, nítorí mo mọ̀ pé ti ọ̀tún kì í jó dáadáa.

Mo ń fi fọ́ọ̀kì tẹ etí ràfíólì nígbà tí ohùn Olóyè wọlé wá láti pálọ̀. Ó ń gbé obì fún àwọn àlejò rẹ̀, ó ní òun tí òun ni ilé lòun kí wọn káàbọ̀. Ó wá ń gbàdúrà. Ó ní kí ilẹ̀ ilé yìí máa gbe àwọn ọmọ tó ni ín. Dámilọ́lá, tí Igbo yá lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, ń rún búrẹ́dì lọ́wọ́ nídìí tábìlì, ó sì dá a lóhùn láti ibẹ̀.

"Isee," ó wí, kò gbójú sókè.

Epo ti gbóná. Mo da ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀.