Ẹja Kan fún Iná Etí Adágún

Láti ìgbà tí Einar ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó pe Arlys wọ ọkọ̀ ojú omi lọ pẹja mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n bínú sí i. Èèyàn méjì méjì ló ń jọ wakọ̀ pẹja ní adágún Pelland, kálukú sì ti ní ẹnìkejì tirẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Júùnù, gbogbo ilé tó yí adágún ká máa ń dáná sétí omi, ilé kọ̀ọ̀kan á sì gbé ẹja wọ́láì tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa wá. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ òfìfo ni Arlys gbé lọ. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bu oúnjẹ fún un, wọ́n ní kó sinmi. Àlejò ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn tó pa ẹja dúró tọ̀bẹtọ̀bẹ nídìí pákó gígùn tí wọ́n fi ń la ẹja, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Arlys, tó ti ń bá wọn dúró níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ìyàwó, wá jókòó bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó pinnu pé tọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pá Einar tí wọ́n fi ń ju ìwọ̀ oníìyẹ́ ló mú, torí kò nílò ọkọ̀. Ó wọ inú omi dé orúnkún. Lyle aládùúgbò rẹ̀ àti Bonnie ìyàwó rẹ̀ ń wakọ̀ kọjá lọ síbi iná náà.

"Màmá! Ìyẹ́ lẹ fẹ́ fi tan wọ́láì? Ẹja wẹ́wẹ́ ló ń jẹ o, kì í jẹ ìrọ̀rí!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, Lyle. Èyí tó o gbé wá lọ́dún tó kọjá, ṣé ẹja ni àbí ìdin?"

Bonnie bú sẹ́rìn-ín. "Ó tọ́ sí i! Màmá, ẹ wọkọ̀ ká jọ lọ. A ti fi àga yín sípò."

Ọ̀rọ̀ àga yẹn gún un láyà. "Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀."

Wọ́láì kì í fẹ́ràn oòrùn. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tí afẹ́fẹ́ sì ń da omi láàmú, ló máa ń sún mọ́ etí omi. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń jẹun níbi iná. Bí Arlys bá lọ báyìí, orí àga ni. Bí ó bá dúró, ó lè má bá ẹnikẹ́ni. Ó dúró.

Ó ju ìwọ̀, ó jẹ́ kó rì dé ilẹ̀, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀. Nǹkan kan dì í mú wọ́ọ́rọ́, bí ewé tútù. Arlys gbé ọ̀pá sókè fìrì, bí Einar ṣe kọ́ ọ ní àwọn odò kéékèèké níbi tí ẹja ti ń fò mú ìwọ̀ lójú omi. Òfo ló fà bọ̀. Ó tún ṣe é, òfo náà ni. Ẹ̀rín wọn ń gba orí omi bọ̀, pẹ̀lú òórùn ẹja díndín.

"Einar, ẹ̀kọ́ rẹ ò bá ẹja ibí mu," ló wí. Ó tún ju ìwọ̀.

Nígbà tí nǹkan tún dì í mú, kò gbé ọ̀pá. Ó na ẹnu ọ̀pá náà sí omi, ó sì fi ọwọ́ òsì fa okùn gírí. Nǹkan wúwo mi orí nísàlẹ̀. Nígbà tó fà á dé ibi tí omi ò jìn, ojú ẹja náà ń dán bí ojú ológbò nínú òkùnkùn.

Ó gbé ẹja náà sáré gba ọ̀nà etí omi dé ibi iná. Àwọn yòókù ti lọ tán. Lyle ń da omi síná, Bonnie sì ń kó àwo.

"Ha! Màmá pa á!" Lyle na ọwọ́. "Ẹ mú un wá, kí n bá yín là á."

"Ọ̀bẹ ni kó o fún mi."

Ó fún un. Arlys nìkan ló dúró nídìí pákó gígùn náà. Ó la ẹ̀yìn ẹja, ó bó awọ rẹ̀, kò gbójú sókè.

Bonnie na ọwọ́ sórí ìkòkò epo. "Ó ṣì gbóná díẹ̀. Lyle, gbé omi yẹn sílẹ̀, wági wá!" Kò sí ẹja mìíràn láti là. Bonnie mú ọ̀dùnkún kan tó kù nínú agbọ̀n, ó mú ọ̀bẹ, ó wá sídìí pákó láti gé e.

"Ẹ sún díẹ̀," ló wí.

Arlys sún.