Ohun Tó Ń Pa Òdòdó Ìyá Comfort

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé eku ló kú sábẹ́ àpótí ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo gbé àpótí, mi ò rí nǹkan kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́ tánganran tí òdòdó Comfort wà nínú rẹ̀, òórùn náà sì kọlù mí nímú bí ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn rẹ sómi tó sì gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo fọwọ́ kan igi rẹ̀. Ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá. Ewé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò fà á.

Mo jókòó sílẹ̀.

Comfort ni ìyàwó Matthew, tíṣà ilé ìwé ìjọ ní Ijurin wa níbí. Ilé wọn àti tiwa pààlà. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀, nítorí náà nígbà tí ẹ̀kẹta pé oṣù méje, àwọn dókítà ní kó wá dúró sí Iléṣà títí yóò fi bí. Ọjọ́ tó ń lọ, kò kó aṣọ fún mi pa mọ́, kò kó ìkòkò. Abọ́ yìí nìkan ló gbé wá. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló gbin òdòdó náà nígbà tó ń fọṣọ fún àwọn òyìnbó. Nígbà tí àwọn ẹbí pín ẹrù òkú, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbà. Òdòdó nìkan ló kù fún Comfort, torí pé kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

"Ìyá Jemilat," ó wí, "nǹkan ìyá mi tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyí. Ife omi kan lọ́sẹ̀ ti tó o."

Mo ní mo ti gbọ́. Ife kan ni mò ń bù sí i lọ́jọọjọ́ Jímọ̀. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

Òdòdó náà kò jọ tiwa. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, funfun sì wà lára rẹ̀ káàkiri bí ẹni pé wọ́n ta ògì sí i. Ọjọ́ tí Tàjùdéèn ọkọ mi kọ́kọ́ rí i, ó fò sẹ́yìn.

"Àrùn nìyẹn! Ṣé o fẹ́ kó ran àwọn ọmọ kòkó mi ni? Bí ewé kòkó bá dà báyìí, iná là ń sọ ọ́ sí."

"Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn."

"Ọlọ́run ló dá ẹ̀tẹ̀ náà."

"Òun ló dá imú rẹ náà, a ò sì sọ ọ́ síná."

Bàbá Sùnmọ́nù, baba ọkọ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Òun ló ní ká gbé e sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níwájú yàrá òun, kí oòrùn má baà pa á.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún la wà yìí. Ewé mọ́kànlá ni mo gbà, mẹ́ta ló kù. Kì í ṣe pé funfun rẹ̀ pọ̀ sí i. Ibi tó tutù gan-an ló ń pọ́n bí ìyeyè, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àárọ̀ ọjọ́ náà sì ni Matthew kígbe sí wa láti ojú fèrèsé pé Comfort ti bí ọmọbìnrin, pé wọ́n là á níkùn ni, oṣù kan sí i ni yóò tó dé.

"Òǹgbẹ ló ń gbẹ òdòdó yẹn," ni Tàjùdéèn wí.

Mo ti ìka bọ inú abọ́. Ẹrẹ̀ ni, bí ẹ̀bá odò. Ife kan lọ́sẹ̀ kò lè di ẹrẹ̀. Ẹnìkan ń bomi sí i.

Mo bi àwọn ọmọ, wọ́n ní àwọn kọ́. Mo gbé àwo ẹ̀wà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń ṣà á, mo ń wo ọ̀ọ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àìlà, Bàbá gbé bútà rẹ̀ jáde. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́jú, ó ṣe àlùwàlá rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀. Omi ṣẹ́kù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òdòdó, ó ní "Bìsìmílláì," ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́.

"Mu ún, ẹ̀dá Ọlọ́run," ó wí. Ó tún fọwọ́ nu eruku lára ewé kan.

Àwo ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Abọ́ tánganran kò sì ní ihò kankan nídìí.

Mo sáré sọ fún Tàjùdéèn. Òun náà gbá orí mú.

"Tí o bá máa sọ ọ́, fi òwe bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí o yìn ín, kí o wá rọra..."

"Kí n tó yìn ín tán, wọ́n á ti pe ìrun àlàásárì."

Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Nígbà tí Bàbá kírun tán, mo gbé abọ́ lọ síwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì dojú abọ́ dé sílẹ̀. Gbòǹgbò òdòdó náà dúdú. Mo fọwọ́ kàn án, ó já bí òwú tó ti gbó. Bàbá fọwọ́ bo imú.

"Kí ló ṣe é?"

"Omi ni, Bàbá."

"Omi ta ni?"

"Tiyín."

Ó wò mí. Ó wo bútà. Ó tún wò mí.

"Omi àlùwàlá mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó pọ̀ jù. Abọ́ ò níhò."

"Sàráà ni mo fi ń ṣe, Nùsírátù. Wọ́n ní ká má fi omi ṣòfò."

"Mo mọ̀."

Mo ń retí kó jágbe mọ́ mi. Kò jágbe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ òdòdó náà. "Ṣé ó ti kú?"

Mi ò mọ̀. Mo mú ọ̀bẹ. Igi òdòdó náà ní oríkèé bí ìrèké. Mo gé e nísàlẹ̀, inú rẹ̀ ti rà. Mo gé e lókè díẹ̀, ó ti rà. Bí mo ṣe ń gé e ni Bàbá ń wí pé "Ìnnálíláhì." Ó kù díẹ̀ kó tán kí n tó dé ibi tó mọ́. Bí ìka ọwọ́ ló ṣe gùn, ewé kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Oje igi náà yún mi lọ́wọ́ títí di alẹ́.

Mo fi í sílẹ̀ lábẹ́ òjìji kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Bàbá fúnra rẹ̀ mú ìṣó, ó lu ihò mẹ́fà sídìí agolo. Mo bu yanrìn odò sí i, mo gbìn ín, mo wọ́n omi díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í gba ẹ̀gbẹ́ agolo náà kọjá tòun ti bútà. Ẹ̀yìn ilé ló ń gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo rọra fà á wò, kò tẹ̀ lé mi. Ó ti di ilẹ̀ mú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ewé tuntun yọ, ó ká bí ẹní. Nígbà tó ṣí, funfun wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí Comfort sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo àdúgbò tú jáde. Mo gbé agolo, mo ti mọ ohun tí màá sọ. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kọjá láàárín àwọn obìnrin tó ń jó, kò kí ẹnikẹ́ni, ó dúró síwájú Comfort.

"Ìyàwó Tíṣà, èmi ni mo pa òdòdó ìyá rẹ. Kì í ṣe Nùsírátù. Ohun tó kù nìyí."

Ó sì kúnlẹ̀. Bàbá Sùnmọ́nù, tí mi ò tíì gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí láti ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà nílé rẹ̀. Ijó dá. Ẹnu Tàjùdéèn là sílẹ̀.

"Háà! Bàbá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Comfort náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú eruku, tòun ti ọmọ lọ́wọ́, tòun ti ojú ọgbẹ́ níkùn. "Ẹ dìde, Bàbá!"

"Gbà á ná."

Ó fi ọwọ́ kan gbà á. Ó fi àtàǹpàkò tọ funfun ara ewé náà.

"Òun náà ni," ó wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, òun náà ni."

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú àwọn méjèèjì. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ Comfort kó má baà já bọ́.