Gìgísẹ̀ Ọba

Ọba mọ́kànlá ló ti ṣubú lé Àbúrò lórí. Kì í ṣe àsọdùn. Abẹ́ ìtàgé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, nínú ihò kan tí kò fẹ̀ ju àpótí aṣọ lọ. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé eré àti tọ́ọ̀ṣì kékeré, kó lè máa sọ ọ̀rọ̀ sókè wúyẹ́wúyẹ́ fún òṣèré tó bá gbàgbé tirẹ̀. Bí ọba bá ṣubú lórí pákó, inú ihò yẹn ni eruku rẹ̀ ń bọ́ sí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń fa eruku ọba símú, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dé inú eegun.

Àbúrò ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é, títí kan àwọn tó lè bí lọ́mọ, nítorí pé àbúrò obìnrin Kábíyèsí ni. Kábíyèsí náà kì í ṣe ọba níbì kankan. Òṣèré ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe ọba lórí ìtàgé, orúkọ sì ti mọ́ ọn lára. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń gbé ilé oníyàrá méjì, Àbúrò ló sì ń pa iná ìdáná tí Kábíyèsí bá gbàgbé sí títàn.

Eré àtijọ́ ni ẹgbẹ́ wọn ń ṣe, eré àwọn ẹni ńlá tó fi ọwọ́ ara wọn fa ara wọn lulẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó jọ pé kò sóhun tó ń tu ẹni tí kò láàfin lára tó pé kó jókòó wo aláàfin níbi tó ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n Àbúrò, tó ti mọ ọ̀rọ̀ ọba mọ́kànlá lórí, ti rí ohun tí àwọn tó ń sanwó wọlé kò rí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọba náà tí kò ní ẹnì kan nítòsí tó mọ òótọ́, tó sì pa ẹnu mọ́.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Nígbà kan rí, ọba ń wo òkú ọmọ rẹ̀, ó dákẹ́ kí ìbànújẹ́ lè wọ àwọn òǹwòran lára. Aránnilétí tó wà nínú ihò ṣáájú Àbúrò rò pé ó ti gbàgbé ni, ló bá ké ọ̀rọ̀ sókè látinú ihò. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, aránnilétí kò gbọdọ̀ la ẹnu àfi tí òṣèré bá fi gìgísẹ̀ lu pákó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tí kò tíì lù ú rí, àfi Kábíyèsí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Bí wọ́n bá kí i, yóò ní, "Ẹ wo gìgísẹ̀ mi, wúńdíá ni."

Òótọ́ ni, kò lù ú rí. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti ń jò lórí rẹ̀ bí omi inú agbọ̀n. Àbúrò ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó há díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde. Kò dúró de gìgísẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè jẹ́jẹ́, Kábíyèsí sì mú un lọ bí ẹni pé inú ara rẹ̀ ló ti wá. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ eré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fura. Ó tiẹ̀ sọ fún oníwèé ìròyìn kan pé bí òun ti ń dàgbà ni ohùn kan ń ṣáájú òun nínú orí, tó ń fi ọ̀rọ̀ lé òun lẹ́nu. Ó ní ẹ̀bùn ni. Àbúrò ka ìwé ìròyìn náà nídìí ààrò, ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló wá sunkún.

Ọjọ́bọ̀ ni wàhálà dé. Kábíyèsí kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ, ó ní òun ní ẹ̀bùn fún àbúrò òun.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ìyá mi ò rí ju bàtà mi lọ. Orúnkún ẹ̀ ti bàjẹ́ nínú ihò yẹn nítorí tàwa. Lọ́jọ́ Sátidé, àga iwájú ló máa jókòó sí. Ó máa rí ojú mi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá eré, tó ti ń wá ọ̀nà láti dí ihò náà tipẹ́ nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ wọlé, ránṣẹ́ pe káfíńtà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní kí ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ yáa wá tirẹ̀ sọ.

Láti Ọjọ́bọ̀ di Sátidé, Àbúrò kò rí oorun gidi sùn. Ìgbà mẹ́ta ló ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, ìgbà mẹ́ta ló sì béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa mu tíì. Bí ó bá sọ ọ́, ohun tó ń gbé ọkùnrin náà dìde lórí ibùsùn láràárọ̀ ti tán nìyẹn. Bí kò bá sì sọ ọ́, níṣojú gbogbo ayé ni yóò ti tẹ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó bá a nínú yàrá ìmúra. Obìnrin tó ń kun àwọn òṣèré lójú ń lẹ irùngbọ̀n funfun mọ́ ọn lágbọ̀n.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí ihò yẹn fún mi."

"Kí lo fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Eku?"

"Ẹ máa ń gbàgbé, Bọ̀dá."

Kábíyèsí wò ó nínú dígí, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé irùngbọ̀n ṣí kúrò. Obìnrin náà pòṣé.

"Èmi? Dá mi lóhùn níwájú obìnrin yìí. Ṣé mo ti fi gìgísẹ̀ lu pákó rí?"

"Rárá, ṣùgbọ́n…"

"Ó parí." Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Ọwọ́ tirẹ̀ gbóná. "Àyà ló ń já ẹ. Jókòó kí o wò mí lónìí. Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan mìíràn."

Ó yẹ kó sọ ìyókù. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ ẹ́, inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dùn, agogo sì ti dún. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ba ohun tí wọ́n fẹ́ràn jẹ́ náà nìyẹn, wọn a ní àwọn á sọ ọ́ tó bá yá.

Eré ọjọ́ náà dá lórí ọba kan tó búra pé ẹnikẹ́ni tó bá mú ìròyìn burúkú wá fún òun, òun á gé ahọ́n rẹ̀. Ìròyìn burúkú bá tán láàfin. Ogun ń jó ìlú lẹ́yìn odi, àwọn ìjòyè ń sọ fún ọba pé àwọn àgbẹ̀ ló ń sun igbó. Ìgbà tí ọ̀tá wọ yàrá rẹ̀ ló tó mọ̀.

Fún wákàtí kan, Kábíyèsí ṣe é, ó dára. Àbúrò rí ojú rẹ̀ lórí ìtàgé fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú náà lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ibì méjì ló ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìrètí díẹ̀ wọ Àbúrò lọ́kàn. Ó ní bóyá òun kàn ń da ara òun láàmú ni.

Ìran ìkẹyìn dé. Àwọn ọ̀tá yí ọba ká, ó yíjú sí àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo eré náà dúró lé ló kù kó sọ. Ó ya ẹnu. Àbúrò gbọ́ èémí rẹ̀ tó há.

Ó dákẹ́. Àwọn èèyàn rò pé ìbànújẹ́ ni, ẹnì kan sì ti ń nu ojú. Kábíyèsí ń dúró de ohùn inú orí rẹ̀. Ohùn náà kò dé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, kì í ṣe ti ọba. Ìgbà náà ló gbé ẹsẹ̀, tó fi gìgísẹ̀ lu pákó lẹ́ẹ̀mejì.

Orí pákó tuntun tí káfíńtà kàn ló lù. Ó dún gbì, gbì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Àbúrò di àga iwájú mú, ó dìde lórí orúnkún tó ti bàjẹ́. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì nílò ìwé. Àárín gbogbo èrò ló ti fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́:

"Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Àwọn kan yíjú. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí mọ ohùn náà. Ó ti ń gbọ́ ọ nínú orí rẹ̀ láti ọdún méjì. Ó wo ẹni tó ni ín tìyanutìyanu, adé páálí orí rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ tí o fẹ́ràn mi," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì dún bí ti ọba mọ́, "kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Kò sí ìdáhùn nínú ìwé eré. Níbẹ̀ ni aṣọ ìtàgé ti máa ń wálẹ̀. Ó wálẹ̀ lóòótọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọn kò ṣe pa á rí. Obìnrin tó jókòó nítòsí Àbúrò di apá rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ mà mọ eré ṣe o, Mà! Ẹ̀yin ni ìyàwó ọba ni?"

"Rárá," ni Àbúrò wí. "Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ni mí."

Nínú yàrá ìmúra, Kábíyèsí jókòó, adé lórí itan. Kò bínú. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń wo gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì, Bọ̀dá."

Ó gbé adé sílẹ̀. "Mo sọ fún oníwèé ìròyìn pé ẹ̀bùn ni."

"Mo kà á."

Ó mi orí. Ó na ọwọ́ sí i bí ọmọdé tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun dìde, Àbúrò sì gbé e. Wọ́n jọ rìn jáde sínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan ń tiro, èkejì ń béèrè ọ̀nà ilé.